Eré Ìje Kẹ̀kẹ́ Lójú Títì

Ọ̀nà kì í ṣe ti eléré ìje nìkan. Òun àti ẹlẹ́sẹ̀ àti ọlọ́kọ̀ ni wọ́n jọ ni ín. Nígbà kan rí, ẹgbẹ́ àgbà àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí àwọn eléré jọ gbéra pọ̀ lójú títì, kí ìjọba má baà fòfin de gbogbo oníkẹ̀kẹ́. Ní ọdún 1942, Percy Stallard kọ́kọ́ tọ àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá lọ, wọ́n sì gbà fún un. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, ènìyàn 40 gbéra ní Llangollen; 15 dé Wolverhampton. Ẹgbẹ́ àgbà bínú sí i, ṣùgbọ́n irú eré náà fìdí múlẹ̀. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tó kéde ìje, kí ó gba àṣẹ ọlọ́pàá, kí ó sì yan olùṣọ́ sí gbogbo oríta.