Ẹ̀kọ́ Lórí Ṣíṣẹ́ Owó Ní Ilẹ̀ Mímọ́: Kí Ojú Má Yẹ Ojú Kí Owó Tó Pé

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Bí ọjọ́ Hájì bá ti ń súnmọ́, àwọn tó ń lọ a máa bèèrè bí a ti í wọ aṣọ ìhúráàmù, bí a ti í yí Káábà po, àti iye òkúta tí a ó jù ní Mínà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń bèèrè bí a ti í ṣẹ́ owó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó ṣíṣẹ́ jẹ́ ọjà, ọjà sì ní òfin nínú ẹ̀sìn. Ẹni tí kò mọ òfin rẹ̀ lè pàdánù lọ́nà méjì: kí owó rẹ̀ dínkù, kí ó sì tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó èlé wọ inú ìjọsìn.

Ní ọdún kan tí mo wà ní Mẹ́kà, ìyá àgbàlagbà kan nínú wa fi 300 dọ́là lé ọmọ ìlú wa kan lọ́wọ́ pé kí ó fún òun ní ríyáàlì. Ó ní, “Mama, ẹ fọkàn balẹ̀, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì ni.” Ìṣáì di ọ̀la, ọ̀la di ọjọ́ tí a lọ sí Mínà. Nígbà tí ó dé nígbẹ̀yìn, 1,000 ríyáàlì ni ó kà sílẹ̀, ó ní ọjà ti wálẹ̀. Mama ti fi owó yẹn sọkàn fún ẹran hádìyà rẹ̀. Àwa ni a dá owó jọ yá a kí ó tó lè san án. Ìjà tí wọ́n jà ní ilẹ̀ ọ̀wọ̀ yẹn ni ó mú mi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ohun tí ẹ̀sìn sọ

Ànábì wa kọ́ wa, nínú hádíìsì tí Ubadah ọmọ Sámítì gbà wá, èyí tí ó wà nínú ìwé Muslim, pé bí a bá fi wúrà pààrọ̀ wúrà, tàbí fàdákà pààrọ̀ fàdákà, ìwọ̀n wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí a sì gbà á lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irú wọn bá yàtọ̀ síra, a lè dá iye tí ó bá wù wá lé e, níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ bá ti fún tí ọwọ́ sì gbà níbẹ̀. Nítorí náà, èrè tí aṣẹ́wó ń jẹ lórí dọ́là àti ríyáàlì kì í ṣe èlé. Ìdádúró ni ó ń sọ ọ́ di èlé.

Ẹ wo ìtàn tí Imam Malik gbé wá nínú Muwatta. Malik ọmọ Aws fẹ́ ṣẹ́ 100 dínárì. Talha, sàhábà tí Ànábì fún ní ìró àlùjánnà, bá a dúnàádúrà, ó gba wúrà náà, ó ń yí i lọ́wọ́, ó wá ní kí ó dúró kí akápò òun ti Ghaba dé. Umar ń gbọ́. Ó búra pé Malik kò gbọdọ̀ fi Talha sílẹ̀ títí tí yóò fi gba owó rẹ̀, ó sì rán wọn létí ọ̀rọ̀ Ànábì. Ta ni ó ṣeé fọkàn tán ju Talha lọ? Síbẹ̀ Umar kò gbà. Yorùbá ní bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má yẹ̀. Nínú owó ṣíṣẹ́, ojú kò tilẹ̀ gbọdọ̀ yẹ ojú kí owó tó pé.

Ẹnì kan lè ní wúrà àti fàdákà ni wọ́n sọ, pé tiwa bébà ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé Àkádẹ́mì Fíkíhì Àgbáyé ti ṣèpinnu ní Amman ní 1986 pé owó bébà ni owó ní tòótọ́, pé òfin èlé àti ti sàká dé ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Saudi pàápàá, àwọn alálàájì ni wọ́n tìtorí wọn bẹ̀rẹ̀ bébà: ní 1953 ni wọ́n tẹ ìwé-ẹ̀rí ríyáàlì mẹ́wàá fún wọn, kí wọ́n má baà máa ru ẹrù owó fàdákà kiri.

Iye tí ó yẹ kí o mọ̀ sórí

Láti 1986 ni ìjọba Saudi ti so ríyáàlì mọ́ dọ́là: dọ́là kan, ríyáàlì 3.75. Nítorí náà, 100 dọ́là jẹ́ 375. Owó Mama tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ìbá tó 1,125. Ẹni tí ó bá sọ fún ọ pé dọ́là já wálẹ̀ ní Mẹ́kà láàrin ọjọ́ mẹ́ta, tètè kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Aṣẹ́wó yóò yọ díẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bí o bá mú 500 dọ́là lọ, tí ó sì ń gbà á ní 3.72, wàá gba 1,860. 15 péré ni ó jẹ. Bí ó bá ń gbà á ní 3.60, wàá gba 1,800. Ó ti jẹ 75. Iye méjì ni wọ́n máa ń kọ sára pátákó: èyí tí wọ́n fi ń rà àti èyí tí wọ́n fi ń tà. Èyí tí wọ́n fi ń rà ni tìrẹ. Bèèrè lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta. Ìbéèrè kì í ṣe ọjà. Tún bèèrè bóyá wọn yóò gba owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ìwọ̀nba tí ó tó fún oúnjẹ àti ọkọ̀ ni kí o ṣẹ́.

Kí a ṣẹ́ ẹ ní Kano ni, àbí ní Mẹ́kà?

Má ru náírà lọ síbẹ̀ láti ṣẹ́, nítorí ẹni tí yóò rà á kò pọ̀, ìdínkù rẹ̀ a sì máa pọ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà, iye rẹ̀ lè yí láàrin òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, ṣe ìṣirò yìí lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ rà: pín iye dọ́là kan sí 3.75. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé dọ́là jẹ́ 1,500 náírà; ríyáàlì kan yóò jẹ́ 400. Bí àwọn tí Hausa ń pè ní ’yan canji bá ní kí o ra ríyáàlì ní 420, lórí 1,000 ríyáàlì o ti fi 20,000 náírà ṣòfò. Ra dọ́là, kí o ṣẹ́ ẹ lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ní 403, gbà á, o ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Báǹkì tàbí ilé ìpààrọ̀ owó tí ó ní ìwé àṣẹ ni kí o lọ, kí o sì gba rìsíìtì.

Ka owó náà kí o tó kúrò níbẹ̀, wo eyí tí ó ya àti ayédèrú. Imam Malik ní bí ẹni tí ó ṣẹ́ owó bá rí ayédèrú nínú rẹ̀ tí ó fẹ́ dá a padà, ọjà náà ti bàjẹ́, kí oníkálukú gba owó rẹ̀ padà. Ó sàn kí o rí i níbẹ̀ ju kí o padà wá jiyàn lọ.

Káàdì àti owó àfiránṣẹ́

Ní 2022 ni ọ̀pọ̀ báǹkì wa dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù. Àwọn kan ti ṣí i padà, ṣùgbọ́n báǹkì kọ̀ọ̀kan ni ó ní òdiwọ̀n tirẹ̀. Lọ bèèrè kí o tó gbéra, kí o sì bèèrè iye tí wọn yóò yọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ ATM bá bi ọ́ bóyá kí ó ṣírò rẹ̀ ní ríyáàlì tàbí ní owó ilé rẹ, mú ríyáàlì, nítorí iye tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bá ṣírò a máa wọ́n jù. Gba èyí tí yóò tó ọ lẹ́ẹ̀kan náà, má máa gbà á díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan a máa san náírà fún ẹnì kan ní Kano pé àbúrò rẹ̀ yóò fún wọn ní ríyáàlì ní Mẹ́kà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí ni ohun tí Umar kọ̀. Bí o bá gbọ́dọ̀ ṣe é, Àkádẹ́mì yẹn kan náà sọ ní 1990 pé owó tí ó bá ti wọ àpò báǹkì ẹni ti dà bí èyí tí a gbà lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ jókòó pọ̀, kí náírà rẹ wọ àpò báǹkì rẹ̀, kí ó sì ka ríyáàlì fún ọ níbẹ̀. Bí o kò bá lè rìn dé ọ̀dọ̀ aṣẹ́wó, fi ẹnì kan ṣe aṣojú rẹ: owó rẹ jẹ́ àmánà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ohun tí ó bá gbà ni yóò kó dé pẹ̀lú rìsíìtì, kí ẹ sì ti dárúkọ owó iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó lọ.

Ìbéèrè fún ìdánrawò

1. Kí ni ó mú kí Umar dá sí ọ̀rọ̀ Talha?
2. Ríyáàlì mélòó ni ó wà nínú 800 dọ́là, bí aṣẹ́wó bá ń gbà á ní 3.70?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin aṣojú àti ẹni tí ó gba dọ́là rẹ pé ọ̀la ni òun yóò fún ọ ní ríyáàlì?

Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń lọ lọ́dún yìí ka èyí sí etí àwọn ìyá àti bàbá wa tí wọn kò lè kàwé. Ọlọ́hun kí ó gba Hájì wa, kí ó sì fi halal rọ̀ wá lọ́rùn. Àmín.