Ta Ló Ní Ooru Kì Í Pa Ọmọ Ìbàdàn?

*Dókítà, dùndú ni mò ń dín l'Ọ́jà'ba. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, orí á máa fọ́ mi, òòyì á máa kọ́ mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ibà ni, pé ooru ò lè ṣe ẹni tí wọ́n bí sábẹ́ páànù ní nǹkan kan. Ibuprofen ni mo fi ń ti iṣẹ́ lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ mi tún máa ń wú lálẹ́.*
*— Ìyá Dùndú, Bẹyẹrúnká*

Ìyá wa, ẹ kú ooru yìí. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn, torí láti Màpó dé Bẹẹrẹ, òun náà ni mò ń gbọ́: "Ọmọ ilẹ̀ ooru ni wá, ooru kì í pa wá." Irọ́ ni! Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, èèyàn tó lé ní 1,300 ló kú ní Mẹ́kà lásìkò Hájì, nígbà tí ooru ibẹ̀ kọjá 51°C. Ará Íjíbítì ló pọ̀ jù nínú wọn. Ṣé ilẹ̀ òtútù ni wọ́n bí wọn sí?

Lóòótọ́, ara máa ń kọ́ ooru. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, òógùn á máa tètè jáde, á pọ̀ sí i, iyọ̀ inú rẹ̀ á dín kù. Ìfun náà á túbọ̀ lè fara dà á. Ìfun yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí ooru bá le, ẹ̀jẹ̀ á fi ìfun sílẹ̀, á lọ sí awọ ara kí ara lè tutù. Ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, oró kòkòrò inú rẹ̀ á wọnú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara á sì dìde. Lára ẹni tí ooru ti mọ́ lára, ìjà yẹn kì í sábà le. Ṣùgbọ́n bí ooru bá kọjá agbára, tí omi sì gbẹ lára, àwọn ọmọ ogun yẹn á ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín onílé jẹ́ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kúrò nínú ooru fún bí oṣù kan, ara rẹ̀ á ti gbàgbé ohun tó kọ́.

Ibuprofen ńkọ́? Ó lè dá egbò sí ikùn àti ìfun yẹn kan náà, ó sì ń pa kíndìnrín lára nígbà tí omi ò tó lára. Ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀! Kò sí oògùn ara ríro tó ń wo ooru.

Ẹ gbé agbada yín sábẹ́ ìbòji, ẹ máa mumi kí òùngbẹ tó gbẹ yín, ẹ máa sinmi lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó lo oògùn ibà. Ti ẹsẹ̀, ẹ lọ yẹ ìfúnpá wò ní ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́.

Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná janjan nínú oòrùn, tó ń sọ kántankàntan, ẹ má fún un lóògùn jíjẹ o. Ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.