OWÓ ỌBẸ̀ LÓ ṢÒRO: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Fíìmù The Wedding Party 2

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lé fíìmù kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti wò, ṣùgbọ́n tí a kò rí ohun tí a retí nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni The Wedding Party, tí Kẹ́mi Adétiba darí, dé ilé sinimá. Ìgbéyàwó Dúnní, ọmọ Yorùbá, àti Dozie, ọmọ Ìgbò, ni ó dá lé. Ó pa wá lẹ́rìn-ín, ó sì pa owó tí ó ju mílíọ̀nù 400 náírà lọ. Nígbà tí a gbọ́ pé apá kejì ń bọ̀, a rò pé a óò rí bí tọkọtaya tuntun náà ṣe ń gbé ilé ró: ta ni ń san owó ilé, ta ni ń fowó ọbẹ̀ sílẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe bí owó bá tán kí oṣù tó parí?

Apá kejì dé ní oṣù Kejìlá 2017. Níyì Akínmóláyan ni ó darí rẹ̀. Dúnní àti Dozie ti bọ́ sẹ́yìn. Nonso, ọmọ ìyá Dozie, ni ìtàn bá lọ sí Dubai, níbi tí ó ti ṣèèṣì dẹnu ìgbéyàwó kọ Deadre, ọmọ òyìnbó tí ó wà lára àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó nínú apá kìíní. Ni awuyewuye àwọn òbí bá tún bẹ̀rẹ̀. Èrò wọ́ lọ wò ó, owó rẹ̀ náà kọjá mílíọ̀nù 400 náírà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó sọ pé kò tó ti àkọ́kọ́. Lójú tiwa, ohun tí ó bà á jẹ́ ni pé ó sá fún ilé, ó padà sí agbo ijó.

Kí a má dá àwọn tí ó ṣe fíìmù nìkan lẹ́bi. Bí a ti ń ṣe ní Òṣogbo àti Iléṣà náà nìyẹn. A máa ń yan ìgbìmọ̀ fún ìnáwó, a kì í yan ẹnikẹ́ni fún ilé. A óò ṣèpàdé lórí aṣọ ẹbí, gbọ̀ngàn àti màlúù, tọkọtaya kò sì ní tíì ṣírò owó oúnjẹ oṣù kan. Ní ọdún 2017 yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń gba ààbọ̀ owó oṣù láti 2015. Ẹni tí ó yáwó ṣe ìnáwó nírú àkókò bẹ́ẹ̀, gbèsè ni ó bá ìyàwó wọlé. Ìjẹ̀ṣà kò sì nílò kí a máa ṣàlàyé gbèsè fún wọn. Àwọn baba wọn ni òṣómàáló, tí ń ta aṣọ ní àwìn káàkiri, tí wọ́n sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde.

Àwọn àgbà ní, àtigbéyàwó kò tó pọ́n, owó ọbẹ̀ ló ṣòro. Nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fẹ́ Zainab, àgùntàn ni ó pa. Nígbà tí ó fẹ́ Sàfíyyà lójú ọ̀nà àbọ̀ Khaibar, èso dàbínù, wàrà àti òróró ẹran ọ̀sìn ni wọ́n fi ṣe wòlímọ̀. Kò sí búrẹ́dì, kò sí ẹran. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ni ó ná.

Nítorí náà, kí a tó so yìgì, ẹ jẹ́ kí á ṣe nǹkan mẹ́rin:

1. Kí ọkọ àti ìyàwó sọ iye tí ń wọlé fún wọn gan-an, àti gbèsè tí ó wà nílẹ̀. Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ béèrè. Kì í ṣe ojúkòkòrò.

2. Kí a ya owó ilé àti oúnjẹ oṣù mẹ́ta sọ́tọ̀ kí a tó wá gbọ̀ngàn.

3. Kí a rántí pé ìyàwó ni ó ni sọ̀daàkí rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi san gbèsè ìnáwó, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá yọ̀ǹda.

4. Bí àwọn òbí bá ní dandan ni kí ìnáwó ariwo wáyé, kí a fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n pé: Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ta ni yóò san án?

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Bí a bá ní kí ẹ kọ apá kejì ìtàn Dúnní àti Dozie, kí ni ẹ óò kọ sí oṣù kìíní wọn nínú ilé?

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ilé wa. Àmín.