Ara ọmọ mi ti tutù, àmọ́ ìka rẹ̀ ń bó

ÌBÉÈRÈ: Ara ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 3, gbóná janjan fún ọjọ́ 8. A lo oògùn ibà, a tún lo amoxicillin tí wọ́n tà fún wa ní kẹ́míìsì, pàbó ló já sí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ là, ara rẹ̀ sì sú. Ìyá ọkọ mi ní èéyi ni, wọ́n ń fi àdín pa á lára. Láti ìjẹrin ni ara rẹ̀ ti tutù, ó ti ń jẹun, àmọ́ awọ orí ìka rẹ̀ ń bó. Wọ́n ní ooru inú ló ń jáde. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀? — Ìyá Àyọ̀, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìyá Àyọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìsùn. Ẹ má tíì fọkàn balẹ̀. Ọ̀la ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé.

Ohun tí ẹ kọ yìí jọ àìsàn Kawasaki. Dókítà kan ní ilẹ̀ Jàpáàn, Tomisaku Kawasaki, ló kọ ọ́ jáde ní 1967, lẹ́yìn tó ti rí i lára ọmọ 50. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló máa ń bá jà, pàápàá àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀. Kò ì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fà á. Kì í ràn, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló sì ń ṣe jù.

N kò bá ìyá ọkọ yín wí, ó jọ èéyi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ tó ṣe èéyi a máa ṣomi, a máa ṣepin, imú rẹ̀ a máa dà, a sì máa wúkọ́. Ojú Kawasaki á kàn pọ́n ni, gbígbẹ ló máa ń wà. Ahọ́n á pọ́n pẹ̀lú kókó wẹ́wẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á wú, kókó lè so sí ọrùn. Àmì kan á ti lọ kí òmíràn tó dé. Awọ dúdú tiwa kì í tètè fi pupa hàn, nítorí náà àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí èèyàn yẹ̀ wò. Bíbó orí ìka yẹn gan-an ló mú mi fura. Bí ọmọ bá ṣe èéyi, ara ló máa ń bó wẹ́wẹ́. Ti Kawasaki, ìdí èékánná ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí ibà ti lọ, tí gbogbo ilé ń dúpẹ́. Àsìkò yẹn náà ni iṣan ọkàn lè máa yọ kókó bíi tíúbù kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ bẹ́.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó ń tú u fó. Ibà tó bá pé ọjọ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú àwọn àmì yẹn, ni dókítà fi ń dá a mọ̀. Wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò ESR, CRP àti platelet. Èyí tó jù ni echo, ẹ̀rọ tí wọ́n ń yí lórí àyà láti wo ọkàn, bí wọ́n ti ń wo oyún. Kì í dun ọmọ. Bí kò bá sí nítòsí yín, ẹ bọ́ sí ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀.

Oògùn rẹ̀ ni immunoglobulin, tí wọ́n ń fà sí ọmọ lára bíi omi fún wákàtí 10 sí 12. Ó wọ́n, mi ò ní purọ́ fún yín. Láìsí i, bí ọmọ 1 nínú 4 ni iṣan ọkàn rẹ̀ máa ń bàjẹ́. Bí wọ́n bá fún un kí ọjọ́ 10 tó pé, ó máa ń wálẹ̀ sí bíi 4 nínú 100. Ọjọ́ 10 ti kọjá lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé iṣan ṣì ń wú, wọ́n ṣì lè fún un. Wọ́n lè fi aspirin kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní aspirin nílé fúnra yín, ó léwu fún ọmọdé.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kó páálí àwọn oògùn tó ti lò dání. Bí ẹ bá ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ fi han dókítà. Bí echo àkọ́kọ́ bá tiẹ̀ mọ́, wọn yóò tún un ṣe ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ẹ má pa ọjọ́ náà jẹ. Àmọ́ bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tó ń làágùn láìṣeré, kò di ọ̀la mọ́, alẹ́ òní ni kí ẹ gbé e lọ.