Ẹnu Àáké Yẹ ní Wíwò

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Kò sí Yorùbá tí ó nílò ìtumọ̀ òwe yìí, ìbáà jẹ́ pé ilé ni ó wà ní Ẹ̀jìgbò tàbí pé òwò ti gbé e dé Abidjan. Ohun tí ó gba àlàyé ni ibi tí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń fa òwe náà yọ nísinsìnyí, ìyẹn ìdí tẹ́tẹ́ tuntun kan tí wọ́n ń ta lórí fóònù, tí ó sì ń jẹ owó ọjà tán kí ẹni tí ń ta á tó gbà pé tẹ́tẹ́ ni.

Ohun tí a ń torí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ yìí ni NFT, èyí tí í ṣe àwòrán, orin tàbí nǹkan mìíràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àkọsílẹ̀ ẹni tí ó ni ín wà nínú blockchain, ìyẹn ìwé ìṣirò tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú, tí ẹnì kan kò sì lè dá ọwọ́ pa rẹ́. Ẹni tí ó ní NFT a gbé e síbi ìdíje, a sọ iye tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò tà àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, àwọn tí ó fẹ́ ẹ a sì fi tókìnì, owó orí ẹ̀rọ tí ìjọba kankan kò tẹ̀, ra tíkẹ́ẹ̀tì náà. Nígbà tí àkókò bá pé, ẹ̀rọ a mú nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ni nọ́ńbà náà a gbé NFT lọ, owó gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì a wọlé fún ẹni tí ó gbé e kalẹ̀, ẹni tí ó ni ojú òpó náà a sì yọ tirẹ̀ níbẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro, ohun ìbànújẹ́ sì ni pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń ṣe é. Bí a bá ní NFT kan tó 100,000 owó CFA lọ́jà, tí a sì ta tíkẹ́ẹ̀tì 200 lé e lórí ní 700 ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó tí yóò wọlé jẹ́ 140,000. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ ra gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì náà pátá, tí ó fi dájú pé òun ni yóò jẹ ẹ́, ó ti pàdánù 40,000 kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀bùn náà. Èyí kò tíì kan owó tí ó ti bá ọ̀nà lọ nígbà tí a ń pààrọ̀ CFA inú Orange Money tàbí MTN sí tókìnì, àti èyí tí yóò tún lọ bí a bá fẹ́ sọ ọ́ padà di owó tí a lè fi ra ìrẹsì.

Àwọn tí ń gbèjà ìdíje yìí a máa sọ pé kò sí màgòmágó níbẹ̀, nítorí pé irinṣẹ́ kan bíi Chainlink VRF máa ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nọ́ńbà tí ó jáde jáde lóòótọ́. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ìbò tí a dì láìsí èrú kò sọ 140,000 di 100,000. Irinṣẹ́ náà kò sì lè dá ẹni tí ó gbé NFT kalẹ̀ dúró kí ó má fi wọ́lẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ìyẹn àpò owó orí fóònù, ra tíkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò kan àwọn ojú òpó ayédèrú tí wọ́n ń sọ pé kí ènìyàn tẹ bọ́tìnnì kan péré, tí gbogbo ohun inú wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ a sì ṣí lọ.

Ẹ̀bùn náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù kẹta ọdún 2021, wọ́n ta NFT ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Jack Dorsey, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Twitter sílẹ̀, kọ síbẹ̀ ní mílíọ̀nù 2.9 dọ́là, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí ó rà á gbé e sí gbànjo ní oṣù kẹrin ọdún 2022, iye tí ó ga jù lọ tí ẹnikẹ́ni fi lé e títí àkókò fi pé kò tó 300 dọ́là. Àwòrán ìnàkí Bored Ape, tí èyí tí ó rẹlẹ̀ jù nínú wọn ju 400,000 dọ́là lọ ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2022 kan náà, ti pàdánù ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iye rẹ̀ nígbà tí ó fi di àárín ọdún 2024.

Ibi tí òwe náà ti kù díẹ̀ káàtó nìyí, ọjà obì Anyama sì tó ẹ̀rí. Láti ìlú yìí, ní àríwá Abidjan, ni obì gbànja ti ń lọ sí Mali, Burkina Faso àti Senegal, kò sì sí ìyá olóbì kan tí yóò san owó apẹ̀rẹ̀ kan láìkọ́kọ́ tú ewé orí rẹ̀, kí ó bu obì láti ìsàlẹ̀, kí ó yí i lọ́wọ́ wò bóyá kòkòrò ti lu ú, kí ó sì ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Àwọn ìyá wọ̀nyí fẹ́ èrè bí ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ ẹ, síbẹ̀ wọ́n ń wo ẹnu àáké, wọ́n sì ń wo àpáta pẹ̀lú, nítorí pé òwe náà kò sọ bí a ti ṣe mọ̀ pé oyin wà níbẹ̀. Ó dun ni pé ọmọ tí a fi owó irú obì bẹ́ẹ̀ tọ́ ni ó ń sanwó fún ohun tí kò yẹ̀ wò.

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí sọ pé kò sí oyin rárá nínú NFT. Osinachi, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń fi Microsoft Word yàwòrán, rí iṣẹ́ rẹ̀ tà ní ilé gbànjo Christie's ní 2021. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni àáké tirẹ̀, irú àáké bẹ́ẹ̀ ni òwe náà sì bá wí: bí ọjà kò bá tà, ìmọ̀ ṣì kù lọ́wọ́ ẹni. Kí ni ó kù lọ́wọ́ ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò jáde?

Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́tìrì ni ọkàn ẹni fẹ́, LONACI, ilé iṣẹ́ lọ́tìrì ìjọba Côte d'Ivoire, wà láti 1970, ó ní ọ́fíìsì tí ènìyàn lè lọ fi ẹjọ́ sùn. Ilẹ̀kùn wo ni ẹni tí tókìnì rẹ̀ sọnù yóò kàn?

Nítorí náà, a bẹ àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n máa fi iye tíkẹ́ẹ̀tì ṣe ìlọ́po iye owó rẹ̀ kí wọ́n tó rà á, kí wọ́n sì lọ wo iye tí irú NFT bẹ́ẹ̀ ń tà lọ́jọ́ náà gan-an. Kí wọ́n má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ àṣírí 12 tàbí 24 tí a fi ń ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì. Bí ìṣirò bá fi hàn pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ju ẹ̀bùn lọ, kí wọ́n pa fóònù náà dé, kí wọ́n dá owó oṣù yìí sí àjọ, kí wọ́n sì gbé owó ọjà padà fún ìyá tí ó ni ín.