Pàdé kì í ṣe Alábàápàdé

Ẹni tó bá fẹ́ ròyìn ọkọ̀ tí NASA ti Amẹ́ríkà rán lọ wo àwọn asteroid, ìyẹn àwọn òkúta tó ń yí oòrùn po, kó ṣọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìlò pọ̀ sí.

Bá àti pàdé. Ẹni tó wà lójú kan la máa ń bá: mo bá ìyá mi nílé, mo bá wọn nídìí ọjà. Asteroid kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òun ń rìn, ọkọ̀ náà ń rìn, àwọn onímọ̀ ìṣirò ló ń wá ọjọ́ àti ibi tí ọ̀nà méjèèjì yóò ti kora. Nítorí náà, ọkọ̀ Lucy pàdé asteroid Dinkinesh ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2023.

Alábàápàdé. Ìpàdé tí ẹnikẹ́ni ò dá ọjọ́ fún nìyí. Ti Dinkinesh kọ́: láti oṣù kìíní ọdún náà ni wọ́n ti fi í kún ètò ìrìn Lucy. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán dé, wọ́n rí òkúta kékeré kan tó ń yí Dinkinesh po, tí ẹnì kankan ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Selam ni wọ́n sọ ọ́. Selam ni Lucy ṣe alábàápàdé.

Kọjá àti yà. Ẹni tó yà kí ọ̀rẹ́ ti dúró níbẹ̀ díẹ̀. Lucy ò dúró. Nǹkan bí 430 kìlómítà ló fi jìnnà sí Dinkinesh, ó sì ń sáré ju kìlómítà mẹ́rin lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó kọjá ni. Ọkọ̀ Dawn, tó gbéra ní 2007, ló yà: ó dé asteroid Vesta ní 2011, ó lò ju ọdún kan lọ níbẹ̀, ó wá forí lé Ceres, ó sì débẹ̀ ní 2015. Ẹ̀ńjìnnì Dawn ń fi iná mànàmáná ti gáàsì xenon jáde díẹ̀díẹ̀. Kò lágbára, àmọ́ kì í jẹ epo púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè dúró, kó tún gbéra. Epo tí Lucy ì bá fi dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn asteroid tó kù.

Ọ̀nà àbùjá. Àbùjá gé ìrìn kúrú. Lucy gbéra ní 2021, ó padà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayé ní 2022 àti 2024, kí òòfà ayé lè fì í síwájú bí òkò kànnàkànnà. Ìrìn náà gùn sí i, epo ló dín kù. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kọ̀ǹpútà gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà wò kí wọ́n tó mú ọ̀kan. Ẹ má pe èyí tí wọ́n mú ní àbùjá. Ọ̀nà tí kì í jẹ epo ni, bí àwọn awakọ̀ wa ṣe máa ń wí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2027, ó yẹ kí Lucy kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ asteroid Eurybates, tí òkúta kékeré kan tó ń jẹ́ Queta ń yí po. Awò Hubble ti jẹ́ ká mọ Queta ṣáájú, nítorí náà pàdé ni ká kọ fún àwọn méjèèjì.