Ẹ̀yin Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Ìlú Ọba, Ẹ Má Fojú Kékeré Wo Ìhanrun

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, àti ẹ̀yin ará etí ọ̀sà láti Àbígi àti Ìwòpin, àwọn tó ti dé ṣáájú á ti bá yín sọ̀rọ̀ ilé, iṣẹ́ àti òtútù. Ọ̀rọ̀ oorun ni mo fẹ́ fi kún un.

Nílé, bí bàbá bá ń hanrun tí ará yàrá kejì ń gbọ́, a máa ń ní ó ti rẹ̀ ẹ́, oorun náà wọ̀ ọ́ lára ni. Ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Ìhanrun á máa lọ, á sì dákẹ́ lójijì. Àyà ń lọ sókè sódò, afẹ́fẹ́ ò wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀, á mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú odò, á yí ẹ̀gbẹ́ padà, ìhanrun á tún bẹ̀rẹ̀. Iṣan ọ̀fun ló dẹ̀ tó dí ọ̀nà èémí. Bó bá ti tó ìṣẹ́jú àáyá 10, àwọn dókítà ti kà á sí ìdádúró èémí nìyẹn. Ti ẹlòmíì ń ju 30 lọ ní wákàtí kan. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń hanrun ló ní àìsàn ìdádúró èémí yìí. Ẹni tó ní in kò sì ní mọ̀, àfi kí ẹnu rẹ̀ gbẹ láàárọ̀, kí orí máa fọ́ ọ, kí oorun máa kùn ún lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ń bá a rìn.

Nítorí náà, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ọ̀fẹ́ ni. Ọkọ tàbí aya yín ni kó ròyìn ohun tó ń rí lóru. Ẹni tó ń dá sùn lè fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n lè fún yín ní ẹ̀rọ kékeré tí ẹ máa so mọ́ ìka sùn nílé. Bó bá le, wọ́n á yá yín ní CPAP, ẹ̀rọ tó ń gba ìbòjú fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọ̀fun kó má baà dí. Dókítà Colin Sullivan ló kọ́kọ́ lò ó fún aláìsàn, ní Sydney, lọ́dún 1980. Ó máa ń súni níbẹ̀rẹ̀. Ẹ fara dà á.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀pọ̀ yín ló ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tẹ́ ẹ ń wa ọkọ̀ láti ilé dé ilé, tẹ́ ẹ sì ń darí bọ̀ láti iṣẹ́ alẹ́. Bí dókítà bá ti ní ẹ ní àìsàn yìí, tí oorun sì ń gbé yín lọ́sàn-án, ẹ gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ wíwà dúró, kí ẹ sì sọ fún DVLA, àjọ tó ń rí sí ìwé ìwakọ̀. Ẹni tó bá fi pa mọ́ lè san ìtanràn tó £1,000. Ẹ̀rù iṣẹ́ ń ba ọ̀pọ̀, wọ́n á sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀, bí ìtọ́jú bá ti ṣiṣẹ́, ẹ lè padà sídìí ọkọ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sílé fún Iléyá, ẹ gbé ẹ̀rọ CPAP yín sínú báàgì ọwọ́, kí ẹ sì ti bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ inverter sílẹ̀, torí iná tó lè lọ lóru.